Ìjà Jọláyẹmí tí Bàbá Ráúndì Fi Ẹnu Parí

Láti Ìkìrun títí dé Ọ̀fà, kò sí ẹnu tó tó ẹnu Olúbọ̀dé ará Òkúkù. Ẹni tó bá ní ó wà, kó mú un wá ká rí i. Tí Olúbọ̀dé bá ń ròyìn ìjà ẹ̀ṣẹ́, àwọn tó jókòó á máa fọwọ́ bo imú, wọ́n á máa yẹrí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kan wá láti Ìbà lọ́dún kan, ó kàn ń kọjá lọ lójú fèrèsé ni, ó gbọ́ bí Olúbọ̀dé ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ́ òsì kan tó wọlé sí ẹnìkan ní àgbọ̀n, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Omi ni wọ́n dà sí i lórí kó tó mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n lù. Àwọn tó da omi náà ṣì wà láyé, wọ́n lè jẹ́rìí.

Bàbá Ráúndì ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé ráúndì ló fi ń ka ayé rẹ̀. Ìgbà èwe rẹ̀, ráúndì kìíní. Ìgbà tó fẹ́yàwó, ráúndì kẹta. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó náà, ó dúró létí sàréè, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ mi kí wọ́n tó lu aago." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ilé ìwòran rẹ̀ wà nítòsí ojú irin. Páànù ni òrùlé, páànù ni ògiri, ìjókòó ibẹ̀ sì jẹ́ pákó gígùn tí ìdí ènìyàn ti fi ń dán bíi dígí. Láyé ìgbà tí nǹkan ṣì dára, bí ìjà ńlá bá wà, àwọn ará Ìkìrun á wá, àwọn ará Inísà á wá, wọ́n á kún títí dé orí ojú irin, ọkọ̀ á máa fọn fèrè kí wọ́n tó yà fún un. Lónìí, ewúrẹ́ ló ń sùn lórí pákó náà. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ti kó lọ sí ilé kejì tó ní fáànù. Àwọn tó ń wo ẹ̀ṣẹ́, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti dàgbà débi pé ìyàwó wọn ò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni obìnrin kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, eruku gàrí wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán o. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ wá wò, ilé kejì ni."

"Bọ́ọ̀lù kẹ̀? Ọmọ mi ni mo wá wò."

Ọ̀ṣuntọ́lá ni orúkọ rẹ̀, láti Inísà. Opó ni, gàrí ló ń yan tà, ìjọ aládùúrà ló sì ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó bí i fi orúkọ Ọ̀ṣun sọ ọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí tó yè ni Jọláyẹmí. Jọláyẹmí yìí ló di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, tó gba Èkó kọjá sí ìlú Ọba. Wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jà pé yóò jà ní Sátidé tó ń bọ̀, pé gbogbo ayé ló máa rí i nínú tẹlifíṣọ̀n.

"Láti ọjọ́ tó ti lọ, Bàbá, ohùn nìkan ni mò ń gbọ́," ni Ọ̀ṣuntọ́lá wí. Ó na fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sí i, èyí tí kò lè gba àwòrán kankan. "Ohùn yẹn náà sì ti ń yí padà. Ó máa ń sọ pé, 'Màámi, ara mi le. Ara mi le, Màámi. Ara mi le.' Ẹni tí ara ẹ̀ le, ṣé ó máa ń sọ ọ́ léraléra báyẹn? Mo fẹ́ fi ojú mi rí ojú ẹ̀. Kó borí o, kí wọ́n borí ẹ̀ o, ìyẹn ò kàn mí. Ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Olúbọ̀dé na ẹsẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá bẹ̀ ẹ́ fún ohunkóhun.

"Ìyá Jọlá," ó ní, "ta ló kọ́ ọmọ yín ní ẹ̀ṣẹ́?"

"Ó máa ń ní ẹ̀yin ni."

"Èmi ni. Ibi tí ẹ dúró sí yìí ló ti máa ń dúró, tí á máa ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo ní kó máa tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, kí oòrùn tó rọlẹ̀. Ẹ máa rí irun imú ẹ̀."

Ní ti òdodo, gbogbo ohun tí Olúbọ̀dé ṣe fún Jọláyẹmí ni pé kò lé e jáde nígbà tí kò lówó ìwòran. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún ìlú títí pé òun ló kọ́ ọ, òun gan-an ti gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ìjọba ló ni ẹ̀ṣẹ́. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti Ìbàdàn á fi í hàn, dúdú àti funfun, ẹni tó bá ti ní tẹlifíṣọ̀n ti rí i nìyẹn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkúkù á gbé tirẹ̀ sójú fèrèsé, gbogbo àdúgbò á jókòó sórí ilẹ̀. Òyìnbó ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Olúbọ̀dé, tí kò kọjá ìwé mẹ́fà, ló dìde lọ́jọ́ kan tó ní òun gbọ́. Kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ìdajì tó kù, ó fi èrò inú ara rẹ̀ dí i, ìdajì yẹn gan-an ni àwọn èèyàn sì fẹ́ràn jù. Nígbà tí Àlí, abẹ̀ṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, lọ jà ní Kóńgò, ẹ̀ka igi máńgòrò tí wọ́n gùn ní ìta ọ̀gá náà ya lulẹ̀ tòun tènìyàn, kò sì sí ẹni tó ké. Olúbọ̀dé ò dákẹ́, wọn ò ráyè mọ̀ pé àwọn ti ṣubú.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kiri bí ayálégbé. Ìjọba ò rówó rà á mọ́, ó bá di ti kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí wọ́n ń kó wá láti Èkó. Ìgbà yẹn ni Olúbọ̀dé kọ́ ilé páànù rẹ̀. Ayé Táísìn ni. Táísìn ò jẹ́ kéèyàn jẹ ẹ̀pà tán kó tó ti ènìyàn lulẹ̀, àwọn tó sanwó á máa bínú, Olúbọ̀dé á tún un fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì ròyìn rẹ̀ lọ́nà mìíràn bí ẹni pé ìjà mìíràn ni. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, díṣì dé, ńlá bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kiri ojú ọ̀run títí wọ́n á fi rí ẹni tó ń jà. Lẹ́yìn ìyẹn, díkódà, àpótí kékeré tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Ilé iṣẹ́ díkódà kan á ra ẹ̀ṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ìkejì, ìkejì á gbà á padà, Olúbọ̀dé á máa sá tẹ̀ lé e kiri bí ẹni tó ń lé adìẹ tó já. Nígbà tó bá fi máa ra díkódà tuntun, ẹ̀ṣẹ́ ti tún kó jáde níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ilé Olúbọ̀dé ní tí kò sí níbòmíràn. Ìjà ẹnu ni wọ́n ń pè é. Láyé kí jẹnẹrétọ̀ tó pọ̀, NẸ́PÀ a máa mú iná lọ láàárín ìjà. Ẹ fojú inú wò ó: ráúndì kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ lójú, rẹfirí ti gbọ́wọ́ sókè, ni ibi gbogbo bá ṣókùnkùn. Níbòmíràn, wọ́n á fọ́ àga. Lọ́dọ̀ Olúbọ̀dé, wọ́n á pariwo pé, "Bàbá Ráúndì, ẹnu dà?" Á gbé rédíò kékeré kan sétí, rédíò tí kò ní bátìrì nínú, gbogbo wọn sì mọ̀ pé kò ní. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí rédíò náà ń "sọ" fún un, á ja ìjà náà parí, á kéde ẹni tó borí, wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á lọlé. Tí ìwé ìròyìn bá dé láti Òṣogbo lọ́jọ́ kejì, wọ́n á bi ara wọn pé, "Ta ló borí lójú?" Ẹni tó borí lẹ́nu lè yàtọ̀. Àwọn bàbá kan wà ní Òkúkù tí wọ́n ṣì ń búra títí dòní pé ẹni tó borí lẹ́nu ló borí.

Jẹnẹrétọ̀ ló pa ìjà ẹnu. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún bi Olúbọ̀dé pé ẹnu dà.

Bí Ọ̀ṣuntọ́lá ti lọ lọ́jọ́ Ajé náà, Olúbọ̀dé san owó díkódà rẹ̀ tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ìta: JỌLÁYẸMÍ ỌMỌ INÍSÀ YÓÒ JÀ NÍ SÁTIDÉ. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mofolúwakẹ́, tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkìrun, láti fi ṣe fáàrí.

"Bàbá mi, ta ló sọ fún yín pé díkódà yẹn ló máa fi í hàn?"

"Ibẹ̀ ni mo ti wo tèṣí."

"Tèṣí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti rà á kúrò lọ́wọ́ wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó báyìí, wọn ò sì gba káàdì báǹkì tiwa níbí. Mo ti dán an wò."

"Orí fóònù! Ènìyàn mélòó ló lè jókòó sórí fóònù?"

"Ẹ pa pátákó yẹn rẹ́, Bàbá. Ẹ ránṣẹ́ sí ìyá yẹn pé kò sí."

"Ìwọ ọmọ yìí, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń wo ẹ̀ṣẹ́." Ó pa fóònù.

Kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé, ilé kún bí ìgbà ayé Táísìn. Àwọn bàbá tí wọ́n ní ìyàwó ò jẹ́ kí wọ́n jáde, wọ́n jáde. Ewúrẹ́ rí wọn, wọ́n yà fún wọn. Ọ̀ṣuntọ́lá wọ sútánà funfun, kò wọ bàtà, ó jókòó sí iwájú pátápátá. Ó gbé ìgò omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí ka iwájú tẹlifíṣọ̀n, kí àdúrà lè gba inú ẹ̀ kan ọmọ òun lára. Aṣọ funfun ni Olúbọ̀dé fi bo ojú tẹlifíṣọ̀n bó ṣe máa ń ṣe, kò ní ṣí i títí di àkókò.

"Bàbá Ráúndì, ṣé ìjà la wá wò ni àbí ìgbéyàwó?" Olúwaṣèyítán ló sọ̀rọ̀, onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ẹ ṣí ìbòjú ìyàwó fún wa!"

"Ìwọ Ṣèyítán, tí o bá fi abẹ ya mí lórí bó o ṣe ya Bàbá Ifáṣọlá lórí, ìwọ gan-an lo máa jà lónìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúbọ̀dé ti orí bọ abẹ́ aṣọ funfun náà láti ṣe ètò, ó tan díkódà, ó pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn òyìnbó kan ni wọ́n ń rìn lórí koríko tútù, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Ó yí i. Eré ìje mọ́tò. Ó yí i. Obìnrin kan ń se ọbẹ̀. Ó yí i títí ó fi padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń lu bọ́ọ̀lù kékeré. Òógùn ń bọ́ sí i lójú lábẹ́ aṣọ.

Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó pe Mofolúwakẹ́.

"Kò sí níbẹ̀," ó ní.

"Mo sọ fún yín."

"Ìyá ẹ̀ wà nínú ilé o. Ó gbé omi àdúrà wá."

"Ẹ wí fún un, Bàbá mi. Ẹ ṣáà wí fún un."

Olúbọ̀dé fẹ́ wí fún un. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e dé ìdí jẹnẹrétọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pa, kí àwọn èèyàn má bàa rí àwọn òyìnbó orí koríko kí wọ́n tó gbọ́ àlàyé. Ó wọlé. Ó ní, "Ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́. Kò níí dìde lónìí. Ẹ máa lọlé."

Ariwo sọ. Lẹ́yìn náà ni Olúwaṣèyítán bọ́ sórí ìjókòó, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Bàbá Ráúndì, ẹnu dà?"

Àwọn bàbá arúgbó náà gbé e: "Ẹnu dà? Ẹnu dà?" Ilé páànù ń mì. Ẹnìkan ti lọ mú rédíò kékeré náà wá láti orí àjà. Olúbọ̀dé dì í mú lọ́wọ́. Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ọ̀ṣuntọ́lá yíjú sí i láti iwájú.

"Ṣé ó ti parí nìyẹn, Bàbá? Ṣé mi ò ní rí i?"

Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yẹn mọ ohun tí ìjà ẹnu jẹ́. Obìnrin kan ṣoṣo ni kò mọ̀, nítorí kò tíì wọ ibẹ̀ rí kó tó di ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó rí rédíò, ó rí àwọn àgbààgbà tí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí a bá fẹ́ ka Bíbélì. Kí ló tún máa rò?

Olúbọ̀dé gbé rédíò sétí.

"Wọ́n ti wọlé," ó ní. "Jọláyẹmí wọ ṣòkòtò pupa. Ó ń bọ̀ láti ìhà ọ̀tún, ó ń fò bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ dán ilẹ̀ wò."

"Ojú ẹ̀ ńkọ́?" ni Ọ̀ṣuntọ́lá bi í. "Ẹ bá mi bi wọ́n, ojú ẹ̀ ńkọ́?"

Ẹnu ya Olúbọ̀dé. Nínú gbogbo ìjà ẹnu tó ti jà, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Ojú ẹ̀ ń dán," ó ní. "Wọ́n ní ó sanra sí i. Wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún. Wọ́n ní, ta ló ń bọ́ ọmọkùnrin yìí?"

Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, omijé sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Láti ibẹ̀, kò sí ohun tó lè dá Olúbọ̀dé dúró. Ó jà á. Ó ní òyìnbó tí wọ́n jọ ń jà tóbi bí ilẹ̀kùn báǹkì, ó ní Jọláyẹmí bọ́ sábẹ́ apá rẹ̀ bí eku. Ó gbá a léjìká, ó gbá a níhà. Ilé ń yẹrí, àwọn arúgbó ń fi ọ̀pá wọn jà. Ráúndì kẹfà ló ti òyìnbó lulẹ̀, rẹfirí kà á, òyìnbó ò dìde. Ó ní Jọláyẹmí gba ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn, ó ní kí wọ́n kí ìyá òun ní Inísà.

Ẹnu ló gbé e débẹ̀. Ó mọ̀ bó ti ń jáde, kò lè gbé e padà.

Ọ̀ṣuntọ́lá dọ̀bálẹ̀ fún un, obìnrin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú sútánà funfun lórí eruku. "Mo ti rí i," ó ní. "Bàbá, ẹ fi ọmọ mi hàn mí. Mo ti rí i kedere." Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Olúwaṣèyítán, tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, lanu láti sọ nǹkan kan, ó tún pa á dé. Kò sí ẹni tó sọ òtítọ́ fún obìnrin náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Mofolúwakẹ́ gun ọ̀kadà wá láti Ìkìrun, kò tiẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Ó na fóònù sí i. Àwòrán kan ni, èyí tí àwọn oníròyìn gbé jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lórí ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, ojú rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ihò mọ́, ohun èlò kan bo imú rẹ̀. Jọláyẹmí ni. Ráúndì kejì ni wọ́n ti lù ú lulẹ̀. Wọ́n gbé e jáde, kò sì tíì lajú.

"Ṣé èèyàn lè rí ìjà náà fúnra ẹ̀?" ni Olúbọ̀dé bi í.

"Àwọn tó rà á ti tì í pa. Àwòrán yìí nìkan ló wà."

Wọ́n gun ọ̀kadà kan náà lọ sí Inísà. Láti ìta ni wọ́n ti gbọ́ ìlù àti àtẹ́wọ́. Ọ̀ṣuntọ́lá ló ń ṣe ìdúpẹ́. Ó ti pín gàrí fún gbogbo ìjọ, ó ń jó níwájú pẹpẹ láìwọ bàtà. Ó rí Olúbọ̀dé lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré wá fà á lọ́wọ́ wọlé.

"Ẹni tó rí i rèé!" ó ké. "Ẹ̀yin ará, ẹni tó fi ọmọ mi hàn mí rèé! Ẹ sọ ọ́ fún wọn, Bàbá. Ẹ sọ ti ráúndì kẹfà!"

Wòlíì ní kí wọ́n dákẹ́ ìlù. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Olúbọ̀dé tí ẹnu rẹ̀ ti ènìyàn lulẹ̀ láìfọwọ́kàn án, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀.

"Mi ò rí i," ó ní.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè!" ni àwọn ará ìjọ ké.

"Rédíò yẹn ò ní bátìrì, Ìyá Jọlá. Eré la fi ń ṣe. Gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n ti gbé Jọlá lọ sí ọsibítù."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé bó ṣe máa ń dá àpárá nìyẹn. Mofolúwakẹ́ wá gba àárín èrò kọjá, ó kúnlẹ̀, ó fi fóònù hàn ìyá náà. Ọ̀ṣuntọ́lá gbà á. Ó wò ó pẹ́. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù náà bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, ó tún wò ó.

"Ta nìyí?" ó ní.

"Jọlá ni, Mà."

"Kì í ṣe òun." Ó dá fóònù padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò bínú. "Ojú ọmọ mi ń dán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún. Mo rí i lánàá." Ó yíjú sí onílù. "Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

Ìpè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ Àánúolúwa ló ń pè, òun àti Jọláyẹmí ni wọ́n jọ ń gbé yàrá lọ́hùn-ún. Dókítà ti ní kí ìyá Jọláyẹmí máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní ọmọ náà lè gbọ́ ohùn tó mọ̀, pé ìyẹn nìkan ló kù tí àwọn lè dán wò. Ọ̀ṣuntọ́lá á wo nọ́ńbà gígùn náà, á sì pa fóònù rẹ̀. Wòlíì bẹ̀ ẹ́. Ìyálọ́jà bẹ̀ ẹ́. Ó ń dá wọn lóhùn pé ọmọ òun ò ṣàìsàn, pé àwọn aláìṣòótọ́ ló ń pe òun, wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ òun borí.

Nígbà tí kò gbé fóònù tirẹ̀ mọ́ rárá, Olúbọ̀dé gba nọ́ńbà Àánúolúwa lọ́dọ̀ Wòlíì, ó pè é, ó sì fún un ní tirẹ̀. Ó ti ilé ìwòran pa. Àràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ lọ sí Inísà, tí á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà tí Ọ̀ṣuntọ́lá ti ń yan gàrí. Ìyá náà kì í lé e. Ó máa ń fún un ní omi. Tó bá ti dárúkọ ọsibítù, á yíjú sí agbada rẹ̀.

"Ìyá Jọlá, ẹ ṣépè fún mi. Ẹ gbá mi létí. Ẹ ṣáà bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó sanra. Ṣé ẹ̀yin náà ti wá gbàgbé ni?"

Ní ọ̀sán kan, fóònù dún lọ́wọ́ Olúbọ̀dé. Ọ̀ṣuntọ́lá ń ro gàrí lọ ro gàrí bọ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń kọ orin ìjọ wọn lábẹ́ imú bó ṣe máa ń kọ ọ́ tí ooru bá mú un. Olúbọ̀dé gbé e.

"Mo ti gbé fóònù sétí ẹ̀, Bàbá," ni Àánúolúwa wí láti ọ̀nà jíjìn. "Ṣé ẹ rí màmá ẹ̀?"

Olúbọ̀dé dìde díẹ̀díẹ̀, ó na apá rẹ̀ síwájú, ó gbé fóònù náà súnmọ́ ẹ̀yìn obìnrin náà, ibi tí orin ti ń jáde. Orin náà kò dúró. Ó gbọ́ ohùn Àánúolúwa tín-ín-rín nínú fóònù: "Màmá ẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́."

Ọ̀ṣuntọ́lá yíjú. Ó rí ọwọ́ náà, ó rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò pariwo, kò sì já fóònù náà gbà. Ó kàn yíjú padà sí agbada, ó ń ro gàrí láìkọrin mọ́.

"Bàbá? Mi ò gbọ́ orin mọ́." Àánúolúwa tún sọ̀rọ̀ nínú fóònù: "Ẹ̀yin náà ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó mọ ohùn yín. Ẹ sọ ohunkóhun."

Olúbọ̀dé gbé fóònù sétí. Ó gbọ́ bí èémí ẹnìkan ṣe ń wọlé tó ń jáde nínú ẹ̀rọ. Ó lanu. Gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n sọ láti kékeré wá sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ráúndì kìíní, ráúndì kejì, ẹ̀ṣẹ́ òsì, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣeé sọ fún ọmọ náà. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, títí Àánúolúwa fi ní owó ìpè òun fẹ́ tán.